Mo Ju Wáṣà Sínú Àpótí Ìrìnàjò Ìyàwó Mi

"Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò kánjú."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló dúró sí, ó ti wọ bàtà, ó ti fi báàgì kọ́ èjìká. Mo ṣì wà lórí ibùsùn. Mo ní, "Ó dáa."

Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá dìde.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á kò mọ̀ mí, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé sọ. Ilé ti dákẹ́ jù. Bí èèyàn bá pẹ́ nínú ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, á fẹ́ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ ẹni tí kò rí.

Iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe. Géètì, fèrèsé, àga onírin, gbogbo ohun tí iná bá lè so pọ̀. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ò fún wa lọ́mọ. Àwa méjì la ni ara wa, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ti bá ọmọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbúròó ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti ń darúgbó," ìyàwó mi á sọ. "Mo fẹ́ fọwọ́ kan ojú wọn kí ọ̀kan nínú wa tó lọ."

Kì í ṣe obìnrin tó ń béèrè aṣọ. Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Ó ga jù, ìyá. Mà á fún yín lóògùn, àmọ́ oògùn nìkan ò lè ṣe é. Ẹ máa rìn dáadáa. Ẹ dín iyọ̀ kù. Gbogbo nǹkan díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

"Ṣé mo lè wọ ọkọ̀ òfuurufú?"

"Bó ṣe rí yìí? Rárá o. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ ná."

A kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín.

"Onírin, ẹ ò rí i?" Onírin ni orúkọ tó fi ń pè mí. "Nǹkan kan náà ni wọ́n."

"Àwọn wo?"

"Ìlera mi àti owó ọkọ̀ mi. Tí a bá ń fẹsẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ìfúnpá á wálẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì tí a ò san, ká máa kó o jọ. Ẹsẹ̀ kan, iṣẹ́ méjì."

Mo ní, "Àwọn àgbà náà ṣáà ní ìlera loògùn ọrọ̀."

"Òótọ́ ni. Ọrọ̀ díẹ̀ náà loògùn ìlera. Ẹni tí gbèsè ń lé kiri, ìfúnpá rẹ̀ ṣe máa wálẹ̀?"

Kò wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. A rìn délé.

Ó mọ owó ná, ìyàwó mi. Bí owó oṣù bá dé, orí tábìlì ló máa ń tẹ́ ẹ sí: tilé lọ́tọ̀, toúnjẹ lọ́tọ̀, toògùn lọ́tọ̀, tohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ lọ́tọ̀. Ó máa ń sọ pé owó tí èèyàn ò bá fún níṣẹ́, á lọ bá alápámáṣiṣẹ́ ṣeré. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó fi tìrìnàjò kún un. Ó ní kí n bá òun ṣe àpótí.

Mo fi páànù tó nípọn ṣe é. Mo jó gbogbo etí rẹ̀ pa. Mi ò ṣe ìlẹ̀kùn sí i, mi ò fi kọ́kọ́rọ́ sí i, àfi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí.

Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Báwo la ṣe máa ṣí i?"

"Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lọ, mà á gé e."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣí i nìyẹn."

"Èmi nìkan."

"Ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn," ó wí.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, àwa méjèèjì á jọ rìn dé afárá. Bẹ́ǹṣì kan wà nídìí afárá náà, ibẹ̀ la ti máa ń sinmi díẹ̀, a ó mu omi. Tí a bá ti gun afárá kọjá, òun á yà sí ọ̀tún, ilé ìwòsàn ò jìnnà mọ́. Èmi á yà sí òsì. Ọ̀nà tèmi gùn, oòrùn sì máa ń pa èèyàn níbẹ̀.

Owó ẹyọ onírin ni wọ́n ń gbà nínú bọ́ọ̀sì wa. Bí a bá délé nírọ̀lẹ́, òun á kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sínú àpótí, á dún "kẹ́n." Èmi náà á ju tèmi. Owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò mu mọ́, á jù ú sí i. Lẹ́yìn náà á gbé àpótí, á mì ín létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń sún mọ́ ìtòsí," á wí.

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Oorun rẹ̀ dára. Àtẹ̀gùn ilé tó máa ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀, ó ń gùn ún pẹ̀lú orin lẹ́nu. Èmi náà, mo lè de bẹ́líìtì mi dé ihò tí mo ti gbàgbé.

Òjò ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo ba ara mi jẹ́, òjò kàn wà níbẹ̀ ni.

A ti pínyà ní afárá láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí òjò dé. Bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnìkan yọ orí lójú fèrèsé. Fáìlì ni, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. À ń pè é ní Fáìlì, bí irin tí a fi ń ha irin, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń ha èèyàn lára títí tó fi máa gbà.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wọlé jàre! Àbí ẹ jẹ ẹsẹ̀ yín ní gbèsè ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wọlé.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, bàtà ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti ki bébà sínú wọn kí wọ́n lè gbẹ. Òjò ti pa òun náà. Ó rìn ín bẹ́ẹ̀.

"Ó ku tiyín o, Onírin," ó wí. Ó ti ju tirẹ̀.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Owó ọjọ́ náà ti tán sínú bọ́ọ̀sì. Wáṣà kan ló wà níbẹ̀, irin pẹlẹbẹ róbótó tó ní ihò láàárín, irú èyí tí a máa ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ó tóbi tó owó, ó wúwo tó owó.

Mo jù ú sínú ihò. "Kẹ́n."

"Ẹ kú iṣẹ́ ẹsẹ̀," ó wí. Ó lọ gbé oúnjẹ mi.

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò ní àwáwí kankan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò pẹ́ tí mo fi ń bá ìyàwó mi rìn dé afárá, tí mà á juwọ́ sí i, tí mà á rìn yan-an-yan títí dé kọ̀rọ̀, tí mà á sì wọ bọ́ọ̀sì. Èmi àti Fáìlì á ra nǹkan díndín, a ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì í. Nírọ̀lẹ́, kẹ́n.

Ó wò mí lọ́jọ́ kan tí mò ń fa bẹ́líìtì.

"Onírin, ìrìn yín yàtọ̀ sí tèmi o. Tèmi ń gbẹ mí, tiyín ń mú yín sanra."

"Iṣan ni. Iṣẹ́ irin ni."

"Iṣan inú ikùn!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín mi kò dé ọ̀fun.

Ẹ má rò pé ẹ̀rí ọkàn mi sùn. Nígbà tí ọ̀gá wa gba iṣẹ́ géètì ilé ìwé kan tó sì fún wa ní owó lórí owó oṣù, mo pinnu pé mà á tún un ṣe. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ kun àpótí lọ́dà kó má baà dípẹtà. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ìpinnu mi ni pé mà á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, mà á ṣa wáṣà kúrò, mà á fi owó gidi rọ́pò wọn, mà á jó o pa padà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo gé e nígbà tí àwọn yòókù ti lọ jẹun. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo ń ṣà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó ìyàwó mi lápá kan, wáṣà mi lápá kejì. Owó rẹ̀ di òkìtì. Ojú tì mí, mo dúró tí mò ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni Fáìlì wọlé.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ní owó tó ń sùn báyìí, ẹ wá ń wo ojú mi?"

"Kì í ṣe tèmi. Owó ìrìnàjò ìyàwó mi ni."

"Ṣé ó ti tó?"

"Ó ku díẹ̀."

Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹnìkan ń ta alùpùpù. Ó ń kánjú tà á ni, kò gbówó lórí. Àwa méjèèjì á dáwó rà á, a ó gbé e fún ẹni tí á máa fi ṣiṣẹ́, á máa mú owó wá fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ọdún tó yí, owó ìyàwó wa á ti pé padà, èrè á wà lórí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà á lè bá wọn lọ! Àbí àwọn nìkan lẹ fẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ̀yin wà nílé ẹ máa ka òrùlé?"

Ibi tó ti mú mi nìyẹn. Owó tó wà nínú àpótí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹnìkan ló ń sún mọ́. Mi ò tíì ronú rí pé òun máa lọ, èmi máa wà nílé. Lójú ẹsẹ̀, mo rí yàrá náà láìsí i níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Mo fún Fáìlì ní gbogbo owó náà, àti èyí tí ọ̀gá fún mi. Mo fi wáṣà kún inú àpótí títí ó fi wúwo dáadáa. Mo jó o pa. Mo kùn ún ní búlúù.

Mo lọ tún un ṣe, mo wá bà á jẹ́ pátápátá.

"Ó mà tún wúwo sí i," ìyàwó mi wí nígbà tí mo gbé e délé.

"Ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà wo ló wúwo tó báyìí?" Ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni gbé ọmọ. Mo jáde lọ fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Alùpùpù náà mú owó wá fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì dákẹ́ sójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì tú u, ó nu ọwọ́.

"Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ẹni tó tà á fún yín mọ̀. Wọ́n kàn fi ọ́ìlì tó ki bò ó mọ́lẹ̀ ni."

A wá ẹni tó tà á, a ò rí i. A tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Fáìlì ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ayé ṣe rí nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, tó bá rí mi nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ló máa ń lọ jókòó sí.

Àsìkò yẹn gan-an ni dókítà sọ fún ìyàwó mi pé ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, ìyá? Ẹ kọ́ àwọn yòókù."

"Mò ń bá ọkọ mi rìn ni," ó dá a lóhùn.

Ó sọ èyí fún mi pẹ̀lú ayọ̀, ó sì ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ igbe obìnrin àgbà náà nínú fóònù.

"Àbúrò mi! Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Onírin máa gé àpótí ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí!"

Ìparí ọ̀sẹ̀ dé, mo ní gáàsì tí a fi ń gé irin ti tán. Òmíràn dé, mo ní ọ̀gá ò sí nílé. Òmíràn tún dé, mo ní iná ò dúró. Ó kàn ń wò mí ni. "Kò burú," á wí.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lọ́tọ̀.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mi ò sọ fún un o, àmọ́ ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ rí i kó tó ṣókùnkùn pátápátá."

"Kò ní pẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run á tọ́jú yín."

Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń jó irin lọ́wọ́, ìbojú wà lójú mi, ni mo gbọ́ ohùn tí mo mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onírin!"

Ìyàwó mi ni. Ó fi gèlè de àpótí búlúù, ó gbé e láti ilé, ó sì fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà òsì tí mo máa ń sọ pé mò ń rìn. Òógùn bò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní gáàsì tán. Mo ní kí n wá wò ó bóyá ó ti dé."

Ọ̀gá wò mí, ó wò ó. "Gáàsì wo ló tán? Gáàsì kì í tán níbí. Ìyàwó wa, ẹ gbé e wá, kò ní gbà wá ní ìṣẹ́jú kan."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò ṣí ìbojú kúrò lójú.

Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ ìgérin. Iná ń ta kiri. Gbogbo wọn pé jọ, ìyàwó mi sì ń ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn. "Owó ẹsẹ̀ wa ni o. Èmi àti ọkọ mi la rìn ín. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi lọ."

Ọ̀gá yí i dojú dé sórí tábìlì.

Wáṣà ló ń dà. Ó ń dà, ó ń dà, ó ń yí lọ sílẹ̀. Láàárín wọn, owó tí ìyàwó mi ti jù síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kun àpótí, ó ń dán níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Wáṣà wa rèé."

Fáìlì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọnù.

Ìyàwó mi mú wáṣà kan, ó wo ihò àárín rẹ̀. "Onírin. Ẹ ṣí irin yẹn kúrò lójú."

Mo ṣí i.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ òjò."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó tirẹ̀ kúrò láàárín wáṣà. Kò yára. Ọ̀gá fẹ́ bá a ṣà á, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣeun." Ó di í mọ́ etí gèlè. Ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀. Ó bọ́ sọ́nà.

Mo tẹ̀ lé e délé. Kò wẹ̀yìn.

Mo rò pé á pariwo. Ǹ bá fẹ́ ariwo náà. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí alùpùpù.

"Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, ṣé mà á pa yín ni?"

"Rárá."

"Owó kọ́ ló ń dùn mí. Ojoojúmọ́ tí a bá pínyà ní afárá, mo máa ń rò ó pé ẹ wà lápá ọ̀hún, ẹ̀yin náà ń gbé ẹsẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń gbé tèmi. Àṣé èmi nìkan ni mò ń rìn. Èmi nìkan ni, mi ò sì mọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní owó ò tíì pé ni. Ó bo ìtìjú mi mọ́lẹ̀. Àmọ́ kò ní àpótí mọ́. Ó wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yọ owó ìpamọ́ rẹ̀ nínú owó oṣù kó tó dé ọwọ́. Mo bẹ ọ̀gá kó máa fún mi níṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, mo ní kó máa san owó rẹ̀ fún ìyàwó mi tààrà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Tòótọ́tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà. Nígbà tó yá, ó ń dẹ ẹsẹ̀ kí n lè bá a. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Méjì ni.

"Méjì?"

"Ta ló máa bá mi gbé ẹrù? Wáṣà?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé náà. Òun náà ló kẹ́yìn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a lọ. Iṣẹ́ àṣekún ti rẹ̀ mí. Ojú ọ̀run ṣú láàárọ̀ yẹn. Ó ti wọṣọ tán, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo bí mo ṣe ń na ara.

"Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò kánjú."

"Ó dáa."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo yí ojú sí ògiri. Nígbà tí mo jí, ó ti pẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ni bọ́ọ̀sì kan máa bà jẹ́?

Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ọkọ̀ dẹ eré nídìí afárá. Mo rí i. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì wa, báàgì wà lórí itan rẹ̀, ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀nà. Ọkàn mi já. Mo rò pé ó ń dúró dè mí ni.

Mi ò ní kí awakọ̀ dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Mi ò gbé orí sókè títí bọ́ọ̀sì fi kọjá afárá.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá pè mí. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí afárá ló kíyè sí i. Ó rò pé ó ń sùn ni, ó fọwọ́ kàn án kó lè jí i.

Dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró lójijì. Ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kódà sí ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀. Ó ní gbogbo ìrìn tó rìn ti fi ọdún kún ọdún rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe.

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ dókítà ò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kan kọjá. Èmi náà ò sì mọ̀ bóyá ó ti lọ nígbà tí mo rí i, tàbí ó ṣì wà níbẹ̀, tó ń wo ọ̀nà.

Àwọn èèyàn wá. Wọ́n ní, "Ẹ rọra o. Ọkọ rere ni yín. Gbogbo àdúgbò ló ń rí yín tí ẹ̀ ń bá a rìn." Ọ̀gá wá. Fáìlì wá, ó jókòó pẹ́. Wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n pè, ó ń sunkún.

"Àna mi, ẹ wà níbẹ̀, àbí? Ẹ jọ máa ń rìn ni."

Mo ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, ẹ̀gbọ́n."

"Ọlọ́run ṣeun. Kò dá nìkan wà."

Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn, láti ọjọ́ náà títí di òní. Ó máa ń pè mí ní ìparí ọ̀sẹ̀, á sì tún un sọ: kò dá nìkan wà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, gbogbo ohun tí ìyàwó mi sọ nípa owó, òótọ́ ni. Ẹ pín in, ẹ fún un níṣẹ́, ẹ má fi í sí ibi tí ẹnìkan ṣoṣo ti lè ṣí i. Ẹ rìn. Ẹ jẹ ohun tí ara fẹ́. Tí ẹ bá ní ẹni tí ẹ fẹ́ lọ rí, ẹ lọ rí i nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì gbé yín. Tí ẹ bá sì sọ fún ẹnìkan pé ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ bọ̀.

Bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò tíì gbé e kúrò.

Mi ò tíì lọ gba ẹrù rẹ̀ ní yàrá ìfọṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ránṣẹ́.

Mi ò tíì lọ wọn ìfúnpá tèmi. Dókítà ní kí n wá.

Obìnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní òun lè yí ọjọ́ tèmi padà. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Mi ò tíì fẹsẹ̀ kọjá afárá. Ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà, ó jìn.

Mi ò tíì jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà.

Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì.